Ẹmu ọ̀pẹ àti wáìnì èso àjàrà: kí ló dé tí ọ̀kan ń lo ogún ọdún, tí èkejì kì í mọ́jú?

Ìyá Ọlọ́tí Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọtí ni mo ń tà ní Lágeré. Àwọn tó ń gbéyàwó àti àwọn tó ń ṣe òkú àgbà ló máa ń ra wáìnì lọ́wọ́ mi jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹbí méjì tó fẹ́ di àna ara wọn wá sí ìsọ̀ mi. Bàbá ọkọ ní òun fẹ́ kí wọ́n gbé ẹmu sórí tábìlì àwọn àgbà, kí wọ́n sì bù ú sínú ife ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n fi ń mu wáìnì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tó ti gbé ilẹ̀ Faransé rí, kò gbà. Ó ní wáìnì ní ilẹ̀ tó ti wá, ó ní ọdún tí wọ́n ká èso rẹ̀, ó ní orúkọ ẹni tó ṣe é. Ó ní ẹmu kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé omi igi lásán ni, ilẹ̀ á mọ́, á ti kan.

N kò bá a jiyàn, oníbàárà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹmu kì í ṣe wáìnì? Kí ló dé tí wáìnì pupa lè wà nínú ìgò fún ogún ọdún kó tún máa dára sí i, tí ẹmu àárọ̀ òní kì í dé ọ̀sán ọ̀la? Mo ń gbèrò láti pe àwọn oníbàárà mi jọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ká gbé wáìnì Stellenbosch ti South Africa, wáìnì Bordeaux ti ilẹ̀ Faransé àti ẹmu ọ̀pẹ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká tọ́ wọn wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nímọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Fáṣítì (OAU, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ)

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Wáìnì ni ẹmu. Ohun tó ń sọ omi èso àjàrà di wáìnì ló ń sọ omi ọ̀pẹ di ẹmu, òun náà ni ìwúkàrà. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń pè ní Saccharomyces cerevisiae, òun kan náà la fi ń ṣe búrẹ́dì. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú gáàsì jáde. Gáàsì yẹn ni ẹ ń rí tó ń hó lẹ́nu akèrègbè.

Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà ni ohun tí ìwúkàrà bá nílẹ̀. Omi èso àjàrà tó pọ́n dáadáa máa ń ní ṣúgà tó tó ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ìwúkàrà bá jẹ ẹ́ tán, ọtí inú rẹ̀ á wà láàárín ìdá 12 sí 14. Lẹ́yìn èyí, omi èso àjàrà ti kan láti orí igi. Bí a bá wọ̀n ọ́n, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n ìkan: bó bá ṣe kéré tó ni ohun náà ṣe kan tó) máa ń wà láàárín 3 sí 4, ọ̀pọ̀ bakitéríà kò sì lè gbé inú ohun tó kan tó bẹ́ẹ̀. Wáìnì pupa tún ní tannin tó ti ara èèpo àti kóró èso wá, ohun tó ń fa ahọ́n pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ obì. Tannin yìí ń dáàbò bo ọtí lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, òun náà ló ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé wáìnì náà ti dàgbà. Nítorí náà, ọtí ti pọ̀ níbẹ̀, ìkan wà níbẹ̀, ṣúgà ti tán, kọ́ọ̀kì sì ti dí ẹnu ìgò. Kí ni kòkòrò fẹ́ wá jẹ níbẹ̀?

Ẹ wá wo omi ọ̀pẹ. Nígbà tó bá ń kán bọ̀ láti ara igi, kò kan rárá, pH rẹ̀ súnmọ́ 7 bíi ti omi mímu. Ṣúgà rẹ̀ máa ń tó ìdá 10 sí 12. Kò sí ohun tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí náà gbogbo àlejò ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: ìwúkàrà, bakitéríà Zymomonas tí òun náà ń sọ ṣúgà di ọtí, àti àwọn bakitéríà tó ń mú wàrà kan. Láàárín wákàtí díẹ̀, gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi ń dùn tó sì ń kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọtí inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 5 lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i, bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Acetobacter á dé, á máa sọ ọtí yẹn di ọtí kíkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ní Yunifásítì Ìbàdàn ti tẹ ìwádìí jáde lórí bí ẹmu ṣe ń hó láti 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa mìíràn sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń méfò.

Arẹ̀mú Modákẹ́kẹ́

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó yẹn pé Yunifásítì Ifẹ̀ ni ẹgbẹ́ Kegites ti ṣẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè mu ohunkóhun tó wù wọ́n ló mú akèrègbè ẹmu, tí wọ́n fi ṣe àmì ẹgbẹ́ wọn, torí wọ́n gbà pé àṣà ni.

Ọmọ Adẹ́mu (Iléṣà)

Ẹ kú ìjókòó o. Bàbá mi dá ẹmu títí agbára rẹ̀ kò fi gbé igbà mọ́, èmi náà sì ti gun ọ̀pẹ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó láti ìdí igi.

Ó ní ẹmu kò ní ilẹ̀ tó ti wá. Kò sí adẹ́mu tí kò mọ àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ odò tí omi rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ó mọ èyí tó wà lórí òkè olókùúta tí kì í kún akèrègbè ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òun ni bàbá onílẹ̀ máa ń béèrè. Bàbá mi máa ń ya ẹmu igi kan sọ́tọ̀ fún oníbàárà kan. Òjò náà ń ṣe tirẹ̀. Nígbà òjò, ẹmu á pọ̀, á sì ṣàn lẹ́nu. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń kéré, ó sì máa ń ki. Ẹni tó bá ti ń mu ún pẹ́ á mọ oṣù tó wà láìwo kàlẹ́ńdà.

Nípa iṣẹ́ ọwọ́: adẹ́mu á gun ọ̀pẹ, á ṣán imọ̀ tó bo ojú ibẹ̀, á wá ibi tí òdòdó akọ ti ń yọ, á gé e, á fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí omi lè máa kán sínú akèrègbè. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gòkè. Bó bá ti gòkè, á tún fi ọ̀bẹ mímú bẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí bí kò bá bẹ́ ẹ, igi á san, omi á dúró. Bó bá bẹ́ ẹ nípọn jù, ó ti jẹ ọjọ́ iwájú igi náà. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, ẹnu kò lè kọ́ ọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹmu rẹ̀. Ẹmu á ṣàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lóòótọ́, igi á sì kú. N kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sétí.

Ẹ má fi ògùrọ̀ pe ẹmu ọ̀pẹ o. Igi rẹ̀ yàtọ̀, àbàtà ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń kú. Ẹni tó bá dá a, ìgbẹ̀yìn ayé igi náà ló ń mu. Ògùrọ̀ pọ̀ ní ẹkùn olómi Òkìtìpupa, ti àwa Ìjẹ̀ṣà tá a wà lórí òkè ni ẹmu ọ̀pẹ. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi: bí èyí kì í bá ṣe ilẹ̀ tí ọtí ti wá, kí wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Faransé?

Ohun kan ló ń ba ọjà wa jẹ́, àwọn tó ń bu omi àti sákárìn lu ẹmu. Wọ́n pọ̀ lẹ́bàá títì. Ẹ bi ẹlẹ́mu yín léèrè: ọ̀pẹ ibo ni, ta ló dá a, ìgbà wo ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ọmọ Fáṣítì (OAU, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ)

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Adẹ́mu, ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ béèrè: ṣé ẹ máa ń fi ọṣẹ fọ akèrègbè?

Ọmọ Adẹ́mu (Iléṣà)

Ọṣẹ kẹ̀? Omi la fi ń ṣàn án. Akèrègbè tuntun kì í tètè mú ẹmu hó, ti àtijọ́ ló ń mú un jí kíákíá.

Ọmọ Fáṣítì (OAU, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ)

Ohun tí mo ń wá nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ìwúkàrà ló ti ń gbé ara akèrègbè àtijọ́. Àwọn oníṣẹ́ wáìnì kan ní Yúróòpù náà kì í ra ìwúkàrà lọ́jà. Èyí tó ti wà lára èso àti nínú ilé ìpọntí wọn ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ ta wáìnì wọn lówó gọbọi. Iṣẹ́ kan náà ni bàbá yín ń ṣe lórí igi.

Bàbá Ìtàpá (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ. Ẹ ti sọ ti igi, ẹ ti sọ ti kòkòrò. Ẹni tó ní ẹmu kò ní ìtàn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ìlú tí à ń gbé yìí, orí ọ̀rọ̀ ẹmu ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Olódùmarè gbé àpò ìwà lé Ọbàtálá lọ́wọ́ pé kó lọ dá ilé ayé. Lójú ọ̀nà ni ó ti mu ẹmu, tí oorun fi gbé e lọ. Odùduwà gbé àpò náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án, ibẹ̀ ló di Ifẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwa ọmọ Òrìṣà Ńlá títí di òní. A ń wọ aṣọ funfun, oúnjẹ funfun là ń jẹ, ẹmu náà funfun, síbẹ̀ a kì í fi kan ẹnu. Nígbà ọdún Ìtàpá, ẹ kò ní bá ẹmu lójúbọ wa.

Ti Ògún yàtọ̀. Ògún ń mu ẹmu. Nígbà tó dé Ìrè, ọjọ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ló bọ́ sí. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó wo akèrègbè, ó bá a lófìfo, kò sẹ́ni tó kí i. Inú bí i, ó fa idà yọ. Nígbà tó mọ ohun tó ṣe, ó wọlẹ̀ níbẹ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, nígbà Ọlọ́jọ́, tí Ọọ̀ni bá dé Adé Àrè tó sì lọ sí Òkè Mògún, ti Ògún là ń ṣe, ẹ ó sì rí ẹmu níbi tí wọ́n bá ti ń bọ Ògún.

Nínú ìlú kan ṣoṣo, òrìṣà kan ń béèrè rẹ̀, òrìṣà kan kọ̀ ọ́. Èmi tí n kì í mu ún ni mo ń sọ èyí: ohun tí kò níyì, a kì í fi ṣe èèwọ̀.

Ìyá Ọlọ́tí Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Màá rí i pé ohun mímu mìíràn wà fún àwọn tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Cape Town

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ìsọ̀kun ni ilé wa ní Iléṣà. Mo ń ṣiṣẹ́ nítòsí Stellenbosch, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti ń sọ̀rọ̀.

Ìtàn wáìnì níbí ní ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì, 1659 ni Jan van Riebeeck, ọ̀gá àwọn Dọ́ọ̀ṣì tó tẹ Cape dó, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fún wáìnì àkọ́kọ́ láti inú èso àjàrà ní Cape. Èso kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti dá a, Pinotage ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ló so èso àjàrà Pinot noir pọ̀ mọ́ Cinsaut ní 1925. Èyí ló máa dára kí ẹ gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mà, torí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni.

Bordeaux ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Ní 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta, olú-ọba Faransé, fẹ́ ṣe ìpàtẹ ńlá ní Paris, wọ́n ní kí àwọn alágbàtà ọtí to àwọn wáìnì Bordeaux ní ipò. Iye owó tí wọ́n ti ń tà á ni wọ́n wò, wọ́n sì to àwọn pupa sí ipò márùn-ún. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ṣì wà títí di òní. Ìgbà tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé wọ́n gbé ẹnìkan ga nínú rẹ̀ ni 1973, tí ilé wáìnì Mouton Rothschild bọ́ sí ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 1976, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ta ọtí ní Paris, Steven Spurrier, pe àwọn Faransé tó mọ wáìnì tọ́ wò, ó sì bo orúkọ ìgò mọ́ wọn lójú. Wáìnì Kalifóníà ló gba ipò kìíní, nínú pupa àti nínú funfun. Orúkọ ló ti ń sọ fún ahọ́n pé kó gbádùn tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, mà, ẹ bo ìgò yín náà lójú. Ẹ má sọ èyí tó jẹ́ Faransé fún wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ilẹ̀ náà kò ti ojú ọ̀run wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Faransé ti ń fi òfin de orúkọ ẹkùn, pé ẹni tí kò bá sí ní ẹkùn Champagne kò gbọdọ̀ pe ọtí rẹ̀ ní Champagne. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn oníjìbìtì ń fi orúkọ àwọn àgbẹ̀ ta ọtí burúkú. Ohun kan náà ni Ọmọ Adẹ́mu ń ké lé lórí nípa omi àti sákárìn. Bí àwọn adẹ́mu agbègbè Iléṣà bá para pọ̀, tí wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tó bá bu omi lu ẹmu kì í ṣe ara wa, ibi tí àwọn Faransé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Faransé ló ni wáìnì o. Orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Caucasus, ni wọ́n ti rí àpáàdì ìkòkò tí àmì wáìnì wà lára rẹ̀, ó ti tó 8,000 ọdún. Títí di òní, wọ́n ń ri ìkòkò amọ̀ ńlá mọ́ ilẹ̀, inú rẹ̀ ni èso àjàrà ti ń hó. Qvevri ni wọ́n ń pè é, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àṣà tó yẹ kí ayé dáàbò bò ní 2013. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n gbé síwájú ayé, wọn kò sì tijú rẹ̀.

Àdùkẹ́ (Iléṣà, mo gbé Mainz rí)

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá láti Jámánì, torí mo rò pé òun ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Bó bá ti di oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n ń ká èso àjàrà, wọ́n máa ń gbé wáìnì kan jáde tó ṣì ń hó lọ́wọ́. Federweißer ni wọ́n ń pè é. Kò tíì parí. Ó funfun, ó dà rú, ó dùn, ó ń ta sí ahọ́n. Wọn kì í dí ẹnu ìgò rẹ̀ pa, torí bí o bá dí i pa gáàsì á fọ́ ọ. O kò gbọ́dọ̀ gbé e dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀. Bó o bá rà á, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wàá mu ún tán, torí ojoojúmọ́ ni dídùn rẹ̀ ń dín kù tí ọtí rẹ̀ ń le sí i. Àwọn èèyàn á tò lórí ìlà, wọ́n á rà á, wọ́n á fi jẹ àkàrà alálùbọ́sà tí wọ́n ń yan. Bí àsìkò rẹ̀ bá ti kọjá, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ẹmu ni mo pè é, mo sì pè é bẹ́ẹ̀ sókè. Kò sí ará Mainz kan tó máa sọ fún ọ pé Federweißer kì í ṣe ti ìran wáìnì nítorí pé kì í pẹ́. Àìpẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ̀ mọ́ ọn. Ní Faransé pàápàá, wáìnì Beaujolais kan wà tí wọ́n ń mu ní tuntun: Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣí i lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ di ogún ọdún. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó á ti mọ̀ ọ́n.

Èrò tèmi ni pé, kí á má fi ọdún wọn ẹmu. Wákàtí ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Ìgò Bordeaux ń sọ ọdún tí wọ́n ká èso. Akèrègbè yẹ kó sọ aago tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọmọ Adẹ́mu (Iléṣà)

Àdùkẹ́, o ṣeun gan-an. Gbogbo Nàìjíríà mọ Iléṣà mọ́ bíà Trophy, tí International Breweries ti ń pọn níbí láti 1978, mo sì ń fi ìlú mi yangàn nítorí rẹ̀. Ó wù mí kí wọ́n tún mọ̀ ọ́n mọ́ ẹmu.

Ìyá Ọlọ́tí Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ohun méjì. Ìsọ̀ mi máa ń gbóná gan-an lọ́sàn-án, pàápàá láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, àwọn ìgò tó wà níwájú sì ń rí oòrùn. Ṣé ó ń ba wáìnì jẹ́? Èkejì: ẹmu inú ìgò tí wọ́n ń tà, tí kì í kan, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé kí n ra ìyẹn fún ìnáwó náà, kí ọkàn mi balẹ̀?

Ọmọ Fáṣítì (OAU, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ)

Mà, ó ń bà á jẹ́. Ibi tó tutù ní dígírì 12 sí 14, tó ṣókùnkùn, ni wáìnì ń fẹ́. Bí ooru bá ti kọjá 30 fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, adùn èso á máa kú, á wá dà bí ohun tí wọ́n sè. Kọ́ọ̀kì náà á máa ràn sókè, afẹ́fẹ́ á sì ráàyè wọlé. Ẹ gbé gbogbo wáìnì kúrò níwájú, ẹ kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn nílẹ̀. Èyí tó bá ní kọ́ọ̀kì, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má gbẹ. Àwọn tó ní ìdérí onírin lè dúró. Ẹ má ra wáìnì jọ ju èyí tí ẹ máa tà láàárín oṣù díẹ̀ lọ. Wáìnì tó ń dára sí i fún ogún ọdún kò tó nǹkan láyé. Èyí tó pọ̀ jù lọ, kí wọ́n mu ún láàárín ọdún díẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ti ẹmu inú ìgò: ooru náà ni. Ní 1863, Napoleon Kẹta ní kí Louis Pasteur wádìí ohun tó ń ba wáìnì Faransé jẹ́. Pasteur rí i pé kòkòrò ni, ó sì rí i pé bí a bá mú wáìnì gbóná dé nǹkan bíi dígírì 50 sí 60 fún ìgbà díẹ̀, láìjẹ́ kó hó, àwọn kòkòrò náà á kú. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1866. Orúkọ rẹ̀ la fi ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe sí wàrà títí di òní. Nítorí wáìnì ló ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé ìwádìí ìjọba, FIIRO ní Oṣòdì àti NIFOR lẹ́bàá Bìní, lo ìmọ̀ yìí láti fi ẹmu sínú ìgò, ó sì ń pẹ́ ní oṣù púpọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, torí ó jẹ́ kí ẹmu lè rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹmu tó ti rí iná kò hó mọ́, adùn rẹ̀ sì ti yí padà.

Fún ìnáwó ní Ifẹ̀, mo fara mọ́ Àdùkẹ́. Ẹmu wà nítòsí yín. Ẹ jẹ́ kí adẹ́mu sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó sì dé tààràtà.

Nọ́ọ̀sì Ìrẹmọ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlera kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu, yálà wáìnì tàbí òmíràn. Àwọn tó ń sọ pé ẹmu dára fún ojú, kí wọ́n má fi bá aboyún àti ọmọdé lò ó. Àti ògógóró: ní 2015, àwọn èèyàn kú ní Òdè-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, methanol tó wà nínú ọtí ìbílẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó fà á. Ìyá, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ògógóró tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ wá síbi ìpàdé náà, ẹ má gbà á.

Ìyá Ọlọ́tí Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Nọ́ọ̀sì, ó wọlé. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa bù ú, ẹni tó bá sì fẹ́ tu tirẹ̀ dà nù, a ó gbé abọ́ síbẹ̀. Kí ni kí ó ṣáájú? Àti oúnjẹ?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Cape Town

Ẹmu ni kó ṣáájú, mà. Ọtí inú rẹ̀ kéré, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wáìnì funfun ló kàn, kí ó tutù dáadáa. Pupa ló máa kẹ́yìn: ẹ gbé e sí fíríìjì fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó ṣí i, torí ooru ilé wa ju ohun tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn lọ.

Nípa oúnjẹ, ata ni kí ẹ ṣọ́. Ọtí tó bá le máa ń mú kí ata ta jù, tannin inú wáìnì pupa náà á sì korò lẹ́nu. Ẹran ọlọ́ràá, bíi àsun tí ata rẹ̀ kò pọ̀, ló bá wáìnì pupa mu. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọbẹ̀ ata ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀, ẹmu àárọ̀ ló bá a lọ jù, torí dídùn rẹ̀ ń pa iná ata, ọtí rẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti dá a. Àwọn tó mọ wáìnì níbí, wáìnì tó dùn díẹ̀ tí ọtí rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí èèyàn fi jẹ oúnjẹ aláta. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí ẹmu.

Ọmọ Adẹ́mu (Iléṣà)

Ìyá, mo mọ adẹ́mu kan tí kì í lu ẹmu, lọ́nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun á gbé ti ọ̀pẹ méjì wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti orí òkè àti ti etí odò, kí àwọn èèyàn lè fi ahọ́n wọn mọ ìyàtọ̀. Ó ní kí ẹ kọ orúkọ òun sára rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún béèrè bóyá wọ́n máa kọ orúkọ oko náà.

Ìyá Ọlọ́tí Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

A ó kọ orúkọ rẹ̀, a ó kọ oko, a ó kọ aago. Ife ẹlẹ́sẹ̀ gígùn náà ni màá fi bù ú. Mo ti ránṣẹ́ sí bàbá ọkọ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó, àwọn méjèèjì ní àwọn ń bọ̀.

Tìámíyù Sábó

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ dé. Bí ẹmu bá ṣẹ́kù, ṣé èèyàn lè gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì?

Ọmọ Fáṣítì (OAU, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ)

Ó ṣeé ṣe, bọ̀dá. Òtútù kì í pa ìwúkàrà àti bakitéríà tán, oorun ló ń fi wọ́n sí. Bó bá ti yọ́, wọ́n á jí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé. Ẹ má kún inú ike náà dé ẹnu, torí ó máa wú bó bá ti ń dì. Bí fíríìjì lásán lẹ bá fẹ́ lò, ẹ má dé ìdérí rẹ̀ pa.